Irin Iwájú Jíìpù Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ jẹ́ ká yin irin ńlá tí wọ́n ń so mọ́ iwájú jíìpù. Ó ń dán bí abọ́ ìyàwó tuntun. Kì í gbẹ́rù, kì í mu epo, kò sì mọ ọ̀nà, síbẹ̀ òun ló máa ń kọ́kọ́ dé ibikíbi tí olówó rẹ̀ bá ń lọ. Wọ́n ní nítorí màlúù inú igbó ni òyìnbó ṣe ṣe é, kí màlúù má baà fọ́ iná ọkọ̀. Ní Okota, l'Ékòó, màlúù ti máa ń di sùyà kí jíìpù tó bá a pàdé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti so irin náà mọ́ ọkọ̀, bí kò tilẹ̀ kọjá ṣọ́ọ̀ṣì Àgọ́ Palace, bí ẹni tó ń ti ojú ogun bọ̀ ló ń wakọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà lára wọn. Tíṣà ni, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Isolo, títí tó fi di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, tó sì fẹ̀yìn tì. Ohun kan náà ni gbogbo ayé ń sọ fún un: èrè tíṣà, ọ̀run ló wà. Ìyá wa ní Èkìtì kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn ọmọ aládùúgbò rẹ̀ tó ń ta páàtì mọ́tò a máa gbé ọkọ̀ wálé ní Kérésì, ọmọ tirẹ̀ a sì fẹsẹ̀ rìn wọlé láti ìdíkọ̀ pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá ra jíìpù tòkunbọ̀, tó sì ní kí wọ́n so irin mọ́ ọn, ó ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ìyá wa lórí fóònù. Ìyá wa ròyìn rẹ̀ yí àdúgbò ká: "Irin wà níwájú ẹ̀, bíi ti gómìnà." Wọ́n dá ọjọ́ ìsìn ọpẹ́ ní Èkìtì. Ìyá wa ní òun máa jókòó níwájú ọkọ̀ náà dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kí gbogbo ẹni tó ti sọ̀rọ̀ ọ̀run rí i.

Kí a tó gbéra ní Èkó, pásítọ̀ wa wá gbàdúrà sí ọkọ̀ náà, bí a ti máa ń ṣe. Ó da òróró sí táyà, ó dà á sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wá da gbogbo èyí tó kù sórí irin. Èmi tí mo kàwé ní yunifásítì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mò ń rẹ́rìn-ín sínú.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ̀ pé òfin ò fàyè gba irin yìí?"

"Òfin wo? O ti kà á?"

N kò kà á. Mo ní gbogbo èèyàn ló mọ̀.

"Gbogbo èèyàn tó mọ̀ ọ́n yẹn, ṣé wọ́n ní jíìpù?"

Ọjọ́ Sátidé la gbéra. Ní Apakun, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kan dá wa dúró.

"Ẹ kú ìrìn, bàbá. Ṣé irin yìí bá ọkọ̀ wá ni?"

"Rárá, èmi ni mo ní kí wọ́n so ó."

"Ṣé ẹ gbàṣẹ?"

"Pásítọ̀ ti da òróró sí i."

"Àmín, bàbá. Ṣùgbọ́n òróró kì í ṣe ìwé àṣẹ."

Ó ní ká tú u níbẹ̀, tàbí ká gbé ọkọ̀ tẹ̀ lé òun lọ sí ọ́fíìsì, ká sì dúró de ọ̀gá wọn di ọjọ́ Ajé. Ìyẹn ni pé ìsìn ọpẹ́ ọjọ́ kejì ti lọ. Mo bá sọ̀ kalẹ̀. Èmi tí mo ti sọ pé òfin kò gbà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi gẹ̀ẹ́sì ńláńlá ṣàlàyé pé òfin kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin ni lọ́yà wọn ni?"

"Rárá."

"Ẹ jẹ́ kí bàbá sọ̀rọ̀ fúnra wọn."

Ẹ̀gbọ́n mi béèrè ohun tí irin náà ṣẹ̀ gan-an.

"Bọ́ńpà tó bá ọkọ̀ wá máa ń tẹ̀, bàbá. Bó bá gbá ọmọdé, ọmọ náà lè yè é. Irin yìí ò ní tẹ̀. Ibi tí ẹ so ó sí yìí, ó bá àyà ọmọ ilé ìwé mu."

Láràárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń dúró sẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀, tí á na ọwọ́ dá mọ́tò dúró kí àwọn ọmọ lè sọdá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin náà, bí ẹni tó ń wọn ọmọ. Lẹ́yìn náà ló lọ yá sípánà lọ́wọ́ fọkanáísà kan ní òdìkejì títì.

Ìyá oníbúrẹ́dì kan tó ń wòran ní, "Dádì, ẹ ò bá jẹ́ kí wọ́n bá yín tú u."

"Ẹ má ṣèyọnu. Èmi náà ni mo ní kí wọ́n so ó."

Nọ́ọ̀tù náà tú wẹ́rẹ́. Ó lè jẹ́ òróró pásítọ̀ ló ṣiṣẹ́. A ò lè ju ohun tí wọ́n ti gbàdúrà sí sínú gọ́tà, nítorí náà a gbé e sórí ìjókòó ẹ̀yìn, mo sì ká ẹsẹ̀ kò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí dé Èkìtì.

Ìyá wa ti wà níta pẹ̀lú àwọn aládùúgbò. Ó fọwọ́ pa iwájú ọkọ̀ náà.

"Irin ọ̀hún dà?"

Mo ti ní irọ́ kan lẹ́nu, pé wọ́n mú un lọ kùn ní ọ̀dà. Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣáájú mi.

"Mo tú u, màámi. Wọ́n ní bó bá gbá ọmọ ọlọ́mọ, kò ní tẹ̀."

Ìyá wa kọjú sí àwọn aládùúgbò.

"Ṣé ẹ gbọ́? Gbogbo ọkọ̀ tó ń wọ àdúgbò yìí, èwo ni wọ́n ti tú nǹkan kan lára ẹ̀ rí nítorí ọmọ tiyín?"

Lọ́jọ́ Àìkú, ìyá wa jókòó níwájú ọkọ̀, gèlè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé, ẹ̀gbọ́n mi rọra ń wa ọkọ̀ bí ẹni tó gbé ọba. Mo rìn tẹ̀ lé wọn, mo sì ń sọ fún gbogbo ẹni tí mo bá pàdé pé ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. N kò tíì fi ẹnikẹ́ni yangàn báyẹn rí.

Nígbà tó yá, èmi náà ra jíìpù. Mo mọ ohun tí irin ń ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ, mo sì mọ ohun tí wọ́n sọ fún wa ní Apakun. Mo so irin mọ́ tèmi náà, kí èmi náà lè máa wakọ̀ bí ẹni tó ń ti ojú ogun bọ̀.