Nọ́ọ̀tù Abẹ́ Ìjókòó Bàbá Mi

Bàbá mi, oṣù kẹta rèé tí ẹ ti papò dà, mo sì ti ba ọkọ̀ Ìjàpá yín jẹ́ lónìí.

Afẹ́fẹ́ òkun ti mú kí abẹ́ rẹ̀ dípẹtà, a wá fẹ́ gbé ara rẹ̀ kúrò lórí ṣáṣì, irin ìsàlẹ̀ tó gbé e ró.

Sẹ̀na mẹkáníìkì bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti tú gbogbo nọ́ọ̀tù tó so wọ́n pọ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ ni."

A gbé e. Kràà! Irin ya.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí ńkọ́? Ṣé ẹ fi í pamọ́ dọdún ni?"

Abẹ́ ìjókòó yín ni nọ́ọ̀tù kan tí mi ò tú wà. Mi ò fẹ́ sún ìjókòó náà kúrò níbi tí ẹ fi í sí.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tó ń ka èyí, ẹ bá mi bẹ Bàbá.

Bàbá, màá ní kí wẹ́dà jó irin tó ya náà pọ̀. Ọkọ̀ yín á tún máa rìn.