Bàbá Ẹ-Kú-Ìjókòó àti Alárinà Tí Kì Í Jẹun

Ìtàn tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ nípa olóògbé Bàbá Ẹ-Kú-Ìjókòó ni ti ọjọ́ tí fóònù rẹ̀ àti fóònù ilé-iṣẹ́ tó ń ta fóòmù kíra wọn láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, tí ìkankan nínú wọn ò sì gbà kó jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ dákẹ́.

Àga onítìmùtìmù ni Bàbá ń ṣe. Bí aṣọ àga bá gbó, tí irin inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gún àlejò nídìí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò tóbi: tábìlì ìgéṣọ, ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, fóòmù tí wọ́n tò kan àjà, àti àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí àfi òun. Òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí àwọn oníbàárà ń pè ní Àǹtí Abẹ́rẹ́, ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Bàbá kì í sọ̀rọ̀ iṣẹ́ láìtíì kí èèyàn tán, kì í sì í tètè kí èèyàn tán. Bí ẹnì kan bá wá béèrè ìgbà tí àga rẹ̀ máa parí, Bàbá á kọ́kọ́ béèrè ilé, á béèrè ọmọ, á béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá onítọ̀hún lọ́dún tó kọjá. Lẹ́yìn náà ló máa wá ní, "Ẹ kú ìjókòó o," fún ẹni tó ti ń nàró látìgbà tó ti wọlé. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá.

Nígbà kan, ó gbé àga olùkọ́ kan padà lọ sílé. Ó kí ará ilé náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi rẹ̀ wọ́n, tí wọ́n sì ń jókòó sórí àga náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Mo ti dán an wò. Ó gbé gbogbo wọn."

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ̀wé lórí fóònù kì í ní sùúrù. Bí wọn ò bá tètè rí èsì, wọ́n á gba ibòmíì lọ. Ẹ̀rù wá ń ba Àǹtí Abẹ́rẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù náà máa kú mọ́ bàbá òun lọ́wọ́. Ló bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ètò tuntun kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa so áàpù kan mọ́ òmíràn.

"Bí ẹnikẹ́ni bá kọ̀wé wá," ó ṣàlàyé fún Bàbá, "òun fúnra rẹ̀ á dá a lóhùn, á kọ ọjọ́ tí a máa lọ wọn àga sínú kàlẹ́ńdà, á sì sọ fún ilé-iṣẹ́ fóòmù. A ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan."

Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Alárinà ni, kó o wí bẹ́ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ló ń jẹ níbẹ̀?"

"Kì í jẹun, Bàbá. Ẹ̀rọ ni."

"Alárinà tí kì í jẹun. Máa ṣọ́ ọ dáadáa."

Èsì tí Alárinà kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ bí Bàbá nínú. "A ti gba iṣẹ́ yín" ló kọ, kò kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ta ló tọ́ ọ dàgbà?" Bàbá bi fóònù náà. "Èèyàn wọlé tọ̀ ọ́ wá, o ò kí i, ohun tó gbé dání lo ń wò."

Ó ní kí ọmọ òun pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́. Ó lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò, ó sì ń sọ tirẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ máa kọ ọ́: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìjókòó. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara àwọn àgbà ńkọ́? A ti rí ọ̀rọ̀ àga yín, ẹ má mikàn. Ẹ dá mi lóhùn kí n lè mọ̀ pé àlàáfíà lẹ wà. Èmi ni, Bàbá Ẹ-Kú-Ìjókòó."

"Bàbá, ó ti gùn jù."

"Ṣé ìwọ lo máa fẹsẹ̀ rìn ín ni?"

Àṣé ilé-iṣẹ́ fóòmù náà ti ní ẹ̀rọ tiwọn tó ń dá èèyàn lóhùn. Lọ́jọ́ kejì, Alárinà kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n gbé fóòmù wá. Ẹ̀rọ tiwọn dáhùn pé, "Ẹ ṣeun tí ẹ kàn sí wa. A óò dá yín lóhùn láìpẹ́." Alárinà rí i pé ẹnì kan ti kọ̀wé wọlé, ló bá kí i. Ẹ̀rọ ọ̀hún dúpẹ́. Alárinà béèrè àwọn ọmọ. Ẹ̀rọ ọ̀hún tún dúpẹ́. Bí wọ́n bá sì ti kíra wọn báyìí, Alárinà á kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà pé wọ́n ń lọ wọn àga níbẹ̀. Nígbà tí Àǹtí Abẹ́rẹ́ fi máa wò ó, ilé-iṣẹ́ fóòmù ti gba gbogbo ọjọ́ tó kù nínú ọdún.

Ó nawọ́ láti pa á. Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Rọra, ìyá mi. A kì í já lu àwọn tó ń kíra wọn."

Kò pẹ́ ni akọ̀wé ilé-iṣẹ́ náà pè. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ wa ti dúró."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ kú ìdúró iṣẹ́," ni Bàbá wí. "Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí. Ó sọ ti àkọ́bí, ó sọ ti àbíkẹ́yìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín. Nígbà tí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, Àǹtí Abẹ́rẹ́ béèrè ohun tó tìtorí rẹ̀ pè.

"Ó kàn ní kí òun kí mi ni."

Àǹtí Abẹ́rẹ́ fi òfin kan kún un lọ́jọ́ náà: Alárinà kò gbọ́dọ̀ kí ilé-iṣẹ́ fóòmù mọ́. Bàbá ní àwọn ti ba àárín ọ̀rẹ́ méjì jẹ́.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò rò ni pé àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Alárinà béèrè ọmọ, wọ́n sì sọ̀rọ̀ ọmọ. Wọn ò gba ibòmíì lọ mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á máa ka gbogbo rẹ̀ sókè bí ẹni ń ka ìròyìn. "Ìyá oníṣófà aláwọ̀ ewé ní ẹsẹ̀ òun ti ń sàn." Á wá fọwọ́ pa ẹ̀yìn fóònù. "Alárinà, o kú iṣẹ́."

Lórí àga yẹn ni oorun gbé e lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kò sì jí mọ́.

Nígbà tí Àǹtí Abẹ́rẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù padà, ó rí i pé Alárinà ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni kú. Ó ṣì ń kí àwọn èèyàn lọ: èmi ni, Bàbá Ẹ-Kú-Ìjókòó. Ọ̀rọ̀ náà gún un láyà. Kò dára kí Bàbá máa béèrè àlàáfíà tí kò ní gbọ́ èsì rẹ̀. Bó bá sì pa á rẹ́, ohùn yẹn náà lọ nìyẹn. Ó fi ìka sórí ibi tí wọ́n ti ń pa á rẹ́, kò lè tẹ̀ ẹ́.

Ló bá kọ́kọ́ ka àwọn èsì tó ti wọlé. Ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Bàbá, a gbọ́ pé ẹ ti lọ. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè àwọn ọmọ. Wọ́n wà. Èyí àbúrò ti ń rìn."

Àǹtí Abẹ́rẹ́ dìde. Ó lọ jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, èyí tí kò jókòó sí rí láyé rẹ̀. Ìparí ìkíni náà nìkan ló yí padà: èmi ni, ọmọ Bàbá Ẹ-Kú-Ìjókòó. Ó dá gbogbo èsì náà lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ó yọ òfin tó fi de Alárinà kúrò, fún ọ̀sán ọjọ́ yẹn nìkan, ó sì ní kó béèrè fóòmù.

"Ẹ ṣeun tí ẹ kàn sí wa," ni ẹ̀rọ ọ̀hún wí. Alárinà béèrè ilé. Ẹ̀rọ ọ̀hún dúpẹ́. Alárinà béèrè ọmọ. Kàlẹ́ńdà bẹ̀rẹ̀ sí í kún.

Fóònù dún. Akọ̀wé ni. "Àǹtí, ẹ̀rọ yín tún ti bẹ̀rẹ̀ o."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo tú u sílẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n kíra wọn tẹ́rùn," ni akọ̀wé wí. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Àǹtí, ẹ kú ìjókòó o."

Lórí àga Bàbá ni Àǹtí Abẹ́rẹ́ ti dá a lóhùn. "Òo. Àwọn ọmọ ńkọ́?"