Abẹ́rẹ́ Inú Ìbọn Bàbá

Ìró ìbọn Bàbá ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, kí n tó rántí ojú wọn. Kì í ṣe ìró tó ń dún gbàù tí èèyàn ń sá fún. Ìbọn tí kò lọ́ta nínú ni, irin lásán tó ń gbá irin. Wọ́n á jókòó sórí àga wọn létí fèrèsé, wọ́n á ti ọwọ́ irin tó wà lábẹ́ ìbọn náà lọ síwájú, wọ́n á fà á padà, káràkárà, wọ́n á wá fi ìka fà á, kẹ́. Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ohun tí mo ń gbọ́ nìyẹn nínú fúláàtì kan ní Peckham, lọ́dún tí mo wá kàwé gboyè kejì ní Ìlú Ọba, tí mo sì gbà pé èmi nìkan ni mo gbọ́n nínú ilé náà.

Aunty, ọmọ Bàbá, ló gbà mí sílé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni àwọn àti màmá mi. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, wọn kì í sábà sí nílé lójú ọ̀sán, nítorí náà wọ́n fún mi ní yàrá kékeré ẹ̀yìn lọ́fẹ̀ẹ́, pé kí n ṣáà máa bá wọn wo Bàbá. Mo dúpẹ́ títí. Màmá mi náà fóònù láti Ìjẹ̀bú, wọ́n dúpẹ́. Mo rò pé iṣẹ́ tó rọrùn ni.

Iṣẹ́ ìbọn ni Bàbá ṣe fún ọdún tó lé ní ọgbọ̀n, ní ilé iṣẹ́ kan tó ń fi àwọn ìbọn àtijọ́ háyà fún àwọn òṣèré orí ìtàgé àti àwọn tó ń ya fíìmù. Wọ́n á fi fáìlì tí wọ́n fi ń ha irin ha á, wọ́n á fi òróró pa á, wọ́n á tún èyí tó bá bàjẹ́ ṣe. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ̀yìn tì ni ọ̀gá wọn, òyìnbó kan tó ti dolóògbé báyìí, fún wọn ní ìbọn yìí. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, ó sì dàgbà ju bàbá tó bí Bàbá lọ. Kò síbi tí wọ́n tún ti ń ṣe ọta rẹ̀ mọ́, ìdí nìyẹn tí òfin fi gbà kí wọ́n gbé e kọ́ ara ògiri bí ọ̀ṣọ́ láìgba ìwé àṣẹ.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, orí wọn ṣì pé. Wọ́n gbé ìbọn náà lé mi lórí itan, wọ́n ṣí inú rẹ̀ hàn mí.

“Ṣó o rí abẹ́rẹ́ inú ẹ̀ yìí? Òun ló ń gún ìdí ọta. Tó ò bá ki nǹkan kan sí i, tó o wá ń yìn ín lófìfo, kò sóhun tó máa dá abẹ́rẹ́ yẹn dúró. Ó lè má ṣe nǹkan kan lónìí. Ó lè má ṣe nǹkan kan lọ́dún yìí. Ọjọ́ tó bá máa kán, á kàn kán ni, kò sì sí spare part ẹ̀ mọ́.”

Mo ní mo ti kà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé kì í ṣe é ní nǹkan kan, pé àwọn ìbọn ayé àtijọ́ lágbára.

“Àwọn tó kọ ọ́ síbẹ̀, ṣé àwọn ló máa bá mi tún un ṣe?”

Ọta irọ́ méjì wà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe. Idẹ ni, wọ́n fi rọ́bà dí ìdí rẹ̀ níbi tí abẹ́rẹ́ ti máa gún un. Wọn kì í fa ìbọn náà láìki ọ̀kan sínú. Bí ẹni ń ṣe àlùwàlá kó tó kírun ni wọ́n ṣe mú un.

Àìsàn ìgbàgbé wá dé. Ó kọ́kọ́ mú orúkọ àwọn nǹkan lọ, ó mú iye rakaa ìrun tí wọ́n ti kí lọ, ó wá mú òfin tí wọ́n fi kọ́ mi lọ. Wọ́n sọ ọta irọ́ méjèèjì nù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yin ìbọn lófìfo láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo fẹjọ́ wọn sun Aunty, pé ariwo náà ò jẹ́ kí n ráyè kàwé.

“Fi wọ́n sílẹ̀, jàre,” ni Aunty wí, bí wọ́n ṣe ń wá kọ́kọ́rọ́ wọn. “Tí Daddy bá ń fi gun yẹn ṣeré, at least wọn ò ní jáde. Last time tí wọ́n jáde, Rye Lane ni stranger kan ti mú wọn wálé, without shoes. Bá mi wá àwọn bullet onírọ́bà yẹn, please, kó má bàa spoil.”

Mo wá wọn. Mo rí méjèèjì lábẹ́ àga Bàbá lọ́jọ́ náà gan-an. Mo mú wọn lọ́wọ́, mo rò ó dáadáa: tí mo bá dá wọn padà, kò ní sí ìdí kankan tí mo lè fi ní kí Bàbá dákẹ́. Mo jù wọ́n sínú bíìnì, mo da àpò tíì tó ti rin lé wọn lórí. Lẹ́yìn náà ni mo lọ jókòó ti Bàbá. Mo gba ìbọn lọ́wọ́ wọn, mo ṣe bí ẹni ń yẹ̀ ẹ́ wò.

“Bàbá, ẹ ti bà á jẹ́,” ni mo wí. “Abẹ́rẹ́ ẹ̀ ti kán. Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé kí ẹnikẹ́ni má yìn ín lófìfo?”

Kò sóhun tó ṣe abẹ́rẹ́ kankan. Irọ́ ni mo pa. Bàbá wo ìbọn, wọ́n wo ọwọ́ ara wọn. Wọn ò fọwọ́ kàn án mọ́ títí Aunty fi dé. Mo kọ ojú ìwé mẹ́rin nínú iṣẹ́ yunifásítì mi lọ́jọ́ yẹn, inú mi sì dùn.

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti gbàgbé. Wọ́n tún gbé ìbọn, mo sì tún sọ ọ́ fún wọn. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé tuntun ni ọ̀rọ̀ náà máa ń jẹ́ létí wọn. Ẹni tí wọ́n bá túfọ̀ fún lẹ́ẹ̀kan á ṣọ̀fọ̀, tó bá yá á gbà fún Ọlọ́run. Ojoojúmọ́ ni èmi ń túfọ̀ fún Bàbá. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ti mọwọ́ ẹ̀, mo ti mọ irú ojú tí mo máa fi sọ ọ́. Mo máa ń tètè sọ ọ́, kí tíì àárọ̀ wọn tó tutù, kí n lè ráyè kàwé.

Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Mádáàmù. Wọ́n rò pé èmi ni akọ̀wé ilé iṣẹ́ wọn àtijọ́, wọ́n sì rò pé ìbọn ọ̀gá ló bàjẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́.

“Madam, please, ẹ bá mi bẹ ọ̀gá. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé I'm a careful man.”

Ẹyọ gbólóhùn kan ni wọ́n fẹ́ gbọ́, pé ọ̀gá ti dárí jì wọ́n. Kò ní ná mi ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí pé ìbẹ̀rù ń mú wọn dákẹ́ ju ìbànújẹ́ lọ.

“Inú ọ̀gá ò tíì rọ̀,” ni mo wí. “Ẹ ṣì ní sùúrù ná.”

Aunty ti sọ fún mi rí pé láti ìgbà tí Bàbá ti Mẹ́kà dé, wọn ò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n ní ti Ọlọ́run nìkan ni iwájú orí àwọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, wọ́n di tábìlì mú, wọ́n dìde, wọ́n kúnlẹ̀, orúnkún wọn dún, wọ́n sì nà gbalaja síwájú mi lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó dàgbà ju bàbá mi lọ. Nílé, tí àgbàlagbà bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀ fún mi, ǹ bá ti ké, ǹ bá ti dojú bolẹ̀ kí tiwọn tó kanlẹ̀. Mo dúró, mo di kọ́ọ̀bù tíì mi mú, mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn wọn. Kí n má purọ́ mọ́, ó dùn mọ́ mi. Ó ti ń lọ sí ọdún kan tí mo ti ń kí àwọn èèyàn ní yunifásítì tí wọn ò dá mi lóhùn, ẹnì kan wá rèé tó rò pé ayé òun wà lọ́wọ́ mi.

“Ẹ dìde. Màá bá yín sọ ọ́ fún ọ̀gá lọ́la.”

Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí mo fi gbé wọn padà sórí àga. Mo mọ̀ pé wọ́n á ti gbàgbé tó bá di ọ̀la.

Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ló gbé Bàbá lọ nígbà òtútù ọdún náà. Ní ọsibítù, Bàbá fọwọ́ ṣí ike afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi bo imú wọn, wọ́n wojú mi.

“Kí ni ọ̀gá sọ?”

“Ọ̀gá wo, Daddy?” ni Aunty bi wọ́n.

Tí mo bá la ẹnu, Aunty á fẹ́ mọ ohun tí ọ̀gá fẹ́ dárí ẹ̀ jì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì ibi ẹsẹ̀ wọn. Bàbá ń wò mí, wọ́n ń retí. Nọ́ọ̀sì kan wá dá ike náà padà sí imú wọn. Ọjọ́ kejì ni wọ́n dolóògbé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Aunty ní kí á gbé ìbọn náà lọ sí ilé iṣẹ́ Bàbá àtijọ́, kí wọ́n bá wa tún un ṣe. Ọkùnrin kan tú u, ó tan iná sí i, ó yọ abẹ́rẹ́ náà lé orí aṣọ funfun. Ó gùn, ó ń dán, kò tilẹ̀ tẹ̀. Ó ní kò dáa kéèyàn máa yin irú ìbọn àtijọ́ bẹ́ẹ̀ lófìfo, pé òun ti rí èyí tó kán rí, ṣùgbọ́n pé kò sí nǹkan kan tó ṣe èyí.

Nígbà tí a jáde, Aunty dúró lẹ́bàá mọ́tò, wọn ò wọlé.

“But every evening ni Daddy ń sọ fún mi pé àwọn ti bà á jẹ́. Wọ́n máa ń sunkún. Who told him that?”

“Àìsàn yẹn ni, Aunty,” ni mo wí.

Wọ́n mi orí. Wọ́n di ọwọ́ mi méjèèjì mú lójú títì níbẹ̀.

“O ṣeun. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ gan-an ò lè ṣe tó o. Ọlọ́run á fún ẹ lẹ́ni tó máa tọ́jú ẹ lọ́jọ́ ogbó ẹ, bó o ṣe tọ́jú Daddy gẹ́lẹ́.”

Mo ṣe àmín. Kò sí ohun mìíràn téèyàn lè fi dá irú àdúrà bẹ́ẹ̀ lóhùn.

Mo gba oyè kejì náà. Nunhead ni mo ń gbé báyìí, mo lọ́kọ, mo bí ọmọbìnrin kan tó fẹ́ràn ìwé, tí kì í fẹ́ ariwo. Ó gbọ́n, ó sì le díẹ̀. Èmi ló jọ. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mo máa ń wọ yàrá kan, kí n gbàgbé ohun tí mo wá mú. Mo mọ̀ pé gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, mo máa ń dúró síbẹ̀ jẹ́ẹ́ títí yóò fi wá sí mi lọ́kàn, kí ọmọ náà má bàa rí mi. Aunty kì í gbàgbé oore. Ọdọọdún tí a bá lọ kí wọn ní Iléyá ni wọ́n ń tún àdúrà yẹn ṣe fún mi. Lọ́dún yìí, wọ́n gbé ọwọ́ lé ọmọ mi lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe é, èmi sì ń wo ọwọ́ wọn. Ọmọ náà ló bá mi ṣe àmín.