Sùtánà Tí Mo Ń Sá Sẹ́yìn Fírígò

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé n kò lè nawọ́ kan orí fírígò wa láìgun àpótí, Pobè là ń gbé, oko ọ̀pẹ ni bàbá mi sì ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ má rò pé gbogbo ilé ló ní fírígò nígbà náà o! Ọ̀gá kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ ló fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún bàbá mi, kì í sì í ṣe torí omi tútù. Àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ń bá bàbá mi fínra. Inú fírígò yẹn ni ìgò abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń gbé. Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti ń rà á wá, bó bá sì gbóná pẹ́nrẹ́n, ó bàjẹ́ nìyẹn.

Ìjọ aláṣọ funfun là ń lọ. Ìyá mi kò gbà kí sùtánà gbóòórùn èéfín láéláé, nítorí náà a kì í sá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Lọ́dún kan òjò rọ̀ títí, aṣọ kò gbẹ mọ́. Èmi ni mo ń fọ sùtánà mẹ́rin tó wà nílé wa. Mo ṣàkíyèsí pé ẹ̀yìn fírígò máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ni mo bá yọ́ lọ fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ́ irin tó wà níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gbẹ. Ìyá mi yìn mí, kò béèrè ibi tí mo sá wọn sí. Orí mi wú! Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àfi bó ṣe di ọ̀sán Àbámẹ́ta kan tí fírígò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Tẹ́lẹ̀, ó kàn máa ń kùn bí oyin ni. Ó wá ń dún gbàgàgbàgà, yóò gbọ̀n, yóò dákẹ́, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Mo sáré ká àwọn aṣọ náà kúrò, ariwo kò dá. Ẹ̀rù bà mí. Ìyá mi ń ṣílẹ̀kùn fírígò, ó ń fọwọ́ kan ìgò oògùn, ó ń tì í, ó tún ń ṣí i. Bàbá mi ní bóyá ebi ló ń pa fírígò. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò gbójú kúrò lára ilẹ̀kùn náà. Èmi ni mo mọ ohun tí mo ṣe, n kò sì lè sọ ọ́.

Aládùúgbò wa kan gun alùpùpù lọ sí Sakété, ó sì gbé ọkùnrin kan tó ń tún fírígò ṣe wá. Ọmọ orógùn tí ìyá mi fi ń ro ọkà ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ béèrè. Ó fi orí igi náà kan ti ara ẹ̀rọ dúdú roboto tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀yìn fírígò, èyí tí wọ́n ń pè ní mótẹ̀, ó sì fi etí lé orí kejì láti gbọ́ bó ṣe ń dún. Ó fọwọ́ kan mótẹ̀ náà, ó yára fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó gbóná janjan.

Ó mi orí. "Ìyá, ó jọ pé mótẹ̀ ló ń kú lọ. Ẹ jẹ́ n gbé fírígò yìí lọ sí Sakété. Ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta."

Ìyá mi káwọ́ lérí. Kò sí fírígò mìíràn ládùúgbò wa. Níbo la ó gbé oògùn sí fún ọjọ́ mẹ́ta?

Wọ́n ti ń wá okùn tí wọ́n á fi dì í nígbà tí mo bú sẹ́kún. "Ẹ má gbé e lọ! Èmi ni, Ìyá. Ibẹ̀ ni mo ń sá sùtánà sí."

Ọkùnrin náà tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ẹ̀yìn fírígò. Àṣé ìwúwo aṣọ tútù ti tẹ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, òun ló ń lu irin. Ó rọra tẹ̀ ẹ́ padà sáyè rẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn yẹn ni fírígò ń gbà tú ooru inú rẹ̀ dànù, aṣọ mi ló dí i pa, tí mótẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ àṣekú. Ó pa á kó lè sinmi, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Nígbà tó tún tàn án, gbogbo wa tẹ́tí. Ó ń kùn jẹ́jẹ́. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń nu ojú.

Pàṣán ni mo ń retí. Bàbá mi fà mí mọ́ra, ó ní, "Ìwọ lo fẹ́ pa mí, ìwọ náà lo gbà mí." Mo rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́.

Ayé ti yí. Àwọn ọmọ mi ní ẹ̀rọ amúlétutù nílé wọn ní Kútọnu. Bó bá dún lódì, wọ́n á tẹ fóònù, kò ní pẹ́ tí tuntun á dé. N kò bá wọn jà. Àmọ́ bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ilé, tí gbogbo àgbà ń yẹ ẹ̀rọ wò, ọmọ tó bá dákẹ́ jù lèmi máa ń wò. Mo máa ń pè é kó wá jókòó tì mí, n kì í sì í bi í ní nǹkan kan títí tí yóò fi sọ ọ́ fúnra rẹ̀.