Ìyàwó Nílé, Àlè Níwájú Adájọ́

Òfin ló sọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin di àlè. Kì í ṣe pé ó ṣìwà hù o. Télọ̀ ni, èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, mi ò sì tíì rí onísùúrù tó tó o, àfi tí ẹnìkan bá fi àlùmọ́gàjí rẹ̀ gé bébà.

Ọkọ rẹ̀, káfíńtà, ti kọ́kọ́ mú ìyáálé lọ ṣègbéyàwó ní kọ́ọ̀tù. Ìyáálé fẹ́ràn òrùka, ó sì fẹ́ràn fọ́tò. Ọkùnrin náà tọwọ́ bọ̀wé, ó rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà, ó gbàgbé ìwé. Nígbà tó yá, ó fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Mọ̀lẹ́bí péjọ, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n jẹun, ó parí. Àwọn ìyàwó méjèèjì ń jà lórí garawa omi, wọ́n sì ń bára wọn tọ́mọ. Nígbà tí ibà dá ìyáálé dùbúlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló ń wẹ̀ ẹ́.

Onílé wọn ló ba nǹkan jẹ́. Káfíńtà kọ̀, kò bá a tún ilẹ̀kùn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ni olóríburúkú bá gba téṣàn lọ, ó ní ọkùnrin yìí fẹ́yàwó lé ìyàwó kọ́ọ̀tù. Àṣé ẹ̀wọ̀n ń bẹ níbẹ̀.

A sáré lọ bá lọ́yà. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, koko ló ń le sí i. Ó ní bí ọkùnrin bá ní ìyàwó kọ́ọ̀tù, tó wá ń bá obìnrin rẹpẹtẹ sùn káàkiri ìlú, òfin ò ní kó wá ṣẹ̀wọ̀n, ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ni. Ṣùgbọ́n tó bá fi lè fẹ́ ọ̀kan nínú wọn, tó lọ dọ̀bálẹ̀ fún àna, ẹ̀wọ̀n yá.

Mo ní, "Lọ́yà, ẹni tó kọ òfin yìí, ṣé ara ẹ̀ yá ṣá?"

Ó ní kí n panu mọ́. Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Tí wọ́n bá bi yín, ẹ ní kò fẹ́ yín rí. Wọ́n á jẹ́ kó máa lọ sílé."

Ẹ̀gbọ́n mi ń fi èékánná tú òwú létí ìró rẹ̀. Ọmọ tó bí fún ọkùnrin yẹn ti ń lọ sílé ìwé.

Ní kọ́ọ̀tù, wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi búra pé òótọ́ lòun máa sọ, ó sì búra. Adájọ́ bi í pé kí ni káfíńtà jẹ́ sí i. Káfíńtà ń wolẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí.

"Àlè mi ni, Olúwa mi."

"Kò fẹ́ yín?"

"Kò fẹ́ mi rí. Ó kàn máa ń wá sọ́dọ̀ mi ni."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Adájọ́ ní òun ò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀, ó tú káfíńtà sílẹ̀. Ojú gbà mí tì, ó ṣe mí bíi kí n fi bàtà sọ adájọ́. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún títí a fi délé.

A délé tán, ọkùnrin jókòó, ó na ẹsẹ̀. "Ìyàwó, oúnjẹ ńkọ́?"

"Ìyàwó yín wà ní yàrá kejì. Àlè kì í dáná fọ́kọ ọlọ́kọ."

Ọkọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín. Ó mú ọmọ rẹ̀, ó kó ẹrù, ó di yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ní báyìí, tí káfíńtà bá fẹ́ rí i, ó ní láti wẹ̀, kó ra búrẹ́dì, kó kanlẹ̀kùn, kó sì tètè máa lọ. Ṣòkòtò tó kún fún ìyẹ̀fun pákó, kò ní bá a fọ̀ ọ́ mọ́.

Mo bi í pé ṣé inú ẹ̀ dùn.

"Ó dùn mí gan-an o," ó ní. "Ìyàwó ni mo fẹ́ kí wọ́n máa pè mí. Ṣùgbọ́n oorun tí mò ń sùn yìí náà dáa."

Ìyáálé, ẹni tí òfin ní òun ń gbèjà rẹ̀, ló wá ń nìkan dáná, tó ń nìkan fọṣọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wọ ṣọ́ọ̀bù wa. Mo dìde, mo ti ń ká ọwọ́ aṣọ fún ìjà. Obìnrin náà jókòó, ó tú gèlè, ọṣẹ ti bó o lọ́wọ́. Ó yọjú wo yàrá ẹ̀yìn, ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó wo bó ṣe dákẹ́ rọ́rọ́.

"Ìyàwó," ó pe ẹ̀gbọ́n mi, "yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, ṣé ẹnìkan ti gbà á?"