Bí Mo Ṣe Gbé Àna Mi Ṣánlẹ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òmìnira, nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ ní oko ìwádìí ọ̀pẹ ní Pobẹ̀, mo kọ́ júdò. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kíláàsì kan ní ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò la ti ń kọ́ ọ. Bí ó bá ti di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, a ó kó àga síta, a ó tẹ́ àpò ìdọ̀họ tí a ki koríko gbígbẹ sí nínú, ó parí. Olùkọ́ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Mẹ̀tírì, ti ṣe sójà rí ní Dákà, ibẹ̀ ló ti mọ̀ ọ́n.

Ẹni tí Mẹ̀tírì yàn fún mi pé kí a jọ máa gbá ara wa mú ni oníṣòwò aṣọ kan tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá láti Sakété. Mẹ̀tírì rí i pé a tóbi bákan náà ni. Kò mọ̀ pé àbúrò rẹ̀ obìnrin ni mo fẹ́ fi ṣaya, àti pé bàbá wọn ò tíì dá mi lóhùn, torí ọmọ àgbẹ̀ ni mí, n kò sì mọ ìrun kí. Àkọ́bí rẹ̀ yìí nìkan ni bàbá náà ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Òun ni wọ́n ní kí n di lọ́rùn aṣọ mú, kí n gbé ṣánlẹ̀!

Níbo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ọmọdé ilé ìyàwó pàápàá, ìdọ̀bálẹ̀ là ń kí i. Nítorí náà mo dá ọgbọ́n. Bí ó bá ti fọwọ́ kan aṣọ mi báyìí, mo ti ṣubú. Mo tún máa ń fọwọ́ gbá àpò tí a tẹ́ kó lè dún dáadáa. Oṣù mélòó kan ni mo fi ṣe é, mo rò pé mò ń fi ẹ̀kọ́ ilé hàn ni.

Lọ́jọ́ kan, ó jókòó lẹ́yìn tí mo ṣubú tán, ó nu òógùn ojú rẹ̀, ó rọra bá mi sọ̀rọ̀.

“Láti Sakété ni mo ti ń wá. Mi ò rí nǹkan kan kọ́ lára rẹ, torí pé o ń tàn mí. Ṣé bí o ó ti máa tan àbúrò mi náà nìyẹn?”

Ojú tì mí gan-an, nítorí mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.

Nígbà tí Àbámẹ́ta mìíràn pé, ó dì mí mú, n kò ṣubú. Mo yí ìdí sí i, mo fà á, ó gba èjìká mi kọjá, gbìì! Mo ní ó tán, mo ti pàdánù ìyàwó.

Láti ilẹ̀ níbi tó wà, ó na ọwọ́ sí mi. Mo fà á dìde. Kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

“Bàbá wa máa wà nílé lọ́la,” ó ní. “Máa bọ̀. Má lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà o. Ẹ̀gbẹ́ mi ni kí o jókòó sí.”