Àpótí Jemilat Kò Ní Sọ̀ Kalẹ̀

Bí o bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Jemilat jẹ́, kàn pè é ní ọmọ tó ń ran àwọn mẹkáníìkì lọ́wọ́. Ojú ẹsẹ̀ ni wàá mọ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù àti fíríìjì ló ń tún ṣe, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìta Fájì níbí ni wọ́n bí i sí, nínú agboolé tí èmi Olúbùnmi, ọmọ Ìjẹ̀bú, háyà ṣọ́ọ̀bù kan níwájú rẹ̀, tí mo ti ń ta òwú àti bọ́tìnnì. Kò sí ohun tó ń wọ ọgbà náà tàbí tó ń jáde níbẹ̀ tí kò gba iwájú mi kọjá.

Òun fúnra rẹ̀ ló ra píkọ́ọ̀pù rẹ̀. Mo tún un sọ, nítorí àwọn kan ń díbọ́n pé àwọn kò gbọ́: òun fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé inú ọgbà ni ọkọ̀ náà ń sùn, kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ di ọkọ̀ agboolé. Bí Iléyá bá dé, òun ló ń lọ kó àgbò. Bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ, òun ló ń kó àga. Bí ẹnìkan bá sì kú, wọn a tẹ́ àga gígùn mọ́sálásí, èyí tí wọ́n fi ń gbé òkú, sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó di ọkọ̀ ìsìnkú. Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀, nítorí náà kì í sí àyè láti bi ọlọ́kọ̀ léèrè. Wọn a kàn kó irinṣẹ́ rẹ̀ dà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó parí.

Ìgbà tí bàbá kan ní yàrá ẹ̀yìn kú ni géèjì tí Jemilat fi ń wọn gáàsì bá irú ìdàsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kò tètè mọ̀. Ó dé ọ́fíìsì àwọn lọ́yà kan ní Igbosere, ilé ńlá tó jẹ́ pé gbogbo ẹ̀rọ inú rẹ̀ òun ló ń tọ́jú, ó tú báàgì, kò rí géèjì. Àwọn lọ́yà ń làágùn nínú aṣọ dúdú wọn. Ọ̀gá wọn sọ fún un pé bí ó bá tún wá láìpé irinṣẹ́ ní ọjọ́ Mọ́ńdè, kí ó má wá mọ́ láé. Iṣẹ́ yẹn ló ń bọ́ ọ. Ó wá jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó sunkún, inú mi bàjẹ́ débi pé n kò lè ta ọjà. Nígbà tó yá, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Àǹtí Bùnmi, àpótí ni mo fẹ́. Èyí tí wọ́n máa dè mọ́ ọkọ̀ pátápátá, tí ẹnikẹ́ni ò ní lè gbé sọ̀ kalẹ̀. Ì báà ṣe Alhaji."

Alhaji Mọ̀núrù ni àbúrò bàbá rẹ̀ tó jẹ́ olórí agboolé.

Èmi ni mo bá a lọ wo àpótí. Èyí tí a kọ́kọ́ rí, rọ́bà ni. Jemilat fi eékún tẹ ìdérí rẹ̀, ó tẹ̀ wọlé, ó ní oòrùn Èkó á jẹ ẹ́ tán kí òjò tó dé. Èkejì ń dán yinrin, ó wuyì lójú mi, kí n má purọ́. Ẹnu ọkùnrin tó ń tà á sì dùn. Ó ní, "Madam, carry this one go, your oga go like am well well."

"Ọ̀gá wo?" ni Jemilat bi í. "Èmi ni ọ̀gá. Ṣí i kí n rí ìdí ẹ̀."

Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Etí ọkọ̀ lásán ni wọ́n ń fi kọ́, olè tó bá ní ṣípánà kan á tú u kí o tó ra búrẹ́dì tán. A jáde, ọkùnrin náà ń kùn lẹ́yìn wa. Jemilat gba ọ̀dọ̀ Dáfídì lọ, wẹ́dà ará Èkìtì tí ó ti mọ̀ tipẹ́, ó ní kí ó bá òun jó àpótí onírin: kí ó dùbúlẹ̀ ní ìbú lẹ́yìn orí ọkọ̀, kí ó má ga bo gíláàsì, kí bóòtù rẹ̀ la ilẹ̀ ọkọ̀ já, kí àgádágodo rẹ̀ sì wà nínú, níbi tí ayùn kò lè dé.

Ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Dáfídì gbé e dé. Ó kọ́kọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wo ibi tí páìpù epo gbà, kí ó má baà lu ú. Ó tẹ́ rọ́bà sílẹ̀ kí irin má baà jẹ irin, ó gbé àpótí lé e, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí ihò máa wà. Bó ṣe gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu irin sókè báyìí ni Alhaji jáde.

"Kí ni ẹ̀ ń ṣe yẹn?"

"Àpótí irinṣẹ́ mi ni, Alhaji."

"Níbi tí a ń tẹ́ òkú sí?" Alhaji yí ọkọ̀ náà ká. "Ṣé kí ẹsẹ̀ òkú wa máa yọ síta bí igi ìdáná ni? Jemilat, ọkọ̀ yìí la fi gbé òkú bàbá rẹ lọ."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo wà á." Jemilat fi ọwọ́ lé etí ọkọ̀. "Ẹ ní kí obìnrin má dé ibi sàréè. Mo jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́nu géètì títí tí ẹ fi bò ó. Mi ò janpata. Ṣùgbọ́n òkú ń lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni, èmi ń jáde lójoojúmọ́."

Àwọn ènìyàn ti ń yọjú. Alhaji kì í ṣe ènìyàn burúkú, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́, òun náà ń ronú nípa ọjọ́ tí wọ́n máa gbé òun. Ṣùgbọ́n olórí tí wọ́n bá já níyàn lójú ayálégbé kì í gbọ́ràn mọ́. Ó ní, "Ọkọ̀ tí kò bá lè gbé òkú wa kò ní sùn nínú ọgbà wa. Bí o bá lu irin yẹn, gbé e jáde lálẹ́ òní."

Gbogbo wa mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ọkọ̀ tó bá sùn síta ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kí ó tó di àárọ̀, táyà ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rìn lọ. Dáfídì sọ ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́," ni Jemilat wí. "Mi ò dákẹ́. Dáfídì, lu ú."

Dáfídì ń wo Alhaji. Kò lu ú.

"Ẹ gbé mi gun ọkọ̀."

Ìyá Àgbà Ganiat ló sọ̀rọ̀, láti orí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Òun ni ẹ̀gbọ́n Alhaji, òun ló sì dàgbà jù ní gbogbo agboolé. A rò pé ó ń ṣàwàdà. Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí èmi àti Jemilat, ó ní ṣé a ti di adití ni. A ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ sílẹ̀, a tẹ́ ẹní, a gbé e. Kò wúwo rárá. Ó fà sẹ́yìn títí orí rẹ̀ fi kan àpótí, ó wá dùbúlẹ̀ gbọnrangandan, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó pa ojú dé.

"Lá ìláhà illalláàhu!" ni ẹnìkan kígbe.

"Mọ̀núrù, ta ló dàgbà jù nínú ilé yìí?"

"Ẹ̀yin ni, sìsí mi. Ẹ dìde, ẹ má fi ikú ṣeré."

"Ta ló wá kàn?"

Alhaji fọwọ́ kan fìlà orí rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ mi yọ síta?"

Èmi ni mo wò ó. "Kò yọ, Ìyá."

"Ìwọ gan-an ò gùn jù mí lọ, Mọ̀núrù. Bí àga bá yọ díẹ̀, ẹ fi okùn so ó, àga kì í tijú. Dáfídì, ṣe iṣẹ́ ẹ. N kò dìde níbí títí yóò fi le."

Dáfídì ṣì ń lọ́ra. Jemilat gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gun ọkọ̀, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ìyá àgbà, ó sì lu ihò àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀. Irin ń ké, ilẹ̀ ọkọ̀ ń gbọ̀n, Ìyá Ganiat kò mira. Ìgbà náà ni Dáfídì wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ dì nọ́ọ̀tì. Alhaji wá bọ́ fìlà orí rẹ̀, ó ká a, ó fi ṣe ìrọ̀rí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wọlé.

Bóòtù tó gbẹ̀yìn ni Jemilat ń dì nígbà tí ìyá náà la ojú.

"Bí mo bá wá kú lọ́la ńkọ́?"

Jemilat kò gbé ojú sókè. "Ẹ ó dúró dè mí kí n ti Igbosere dé."

"Màá dúró," ni Ìyá Àgbà wí.